Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: Ìtàn Àwọn Kọ̀ǹpútà Tó Fẹ́ Pa Fódà Tì

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ Ilé, kì í sì í ṣe ti ogun Kírìjì. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ gan-an, nítorí àwa la kọ́kọ́ fara gbá a.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ gba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí wa. Ìyá àgbà kan sun ẹkún ìyàwó fún wa nínú àgbàlá rẹ̀. Ó ní òun kò sun ún mọ́ láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn òun ti lọ sílé ọkọ. A dúpẹ́, a padà, a da gbogbo ohùn tí a gbà sínú kọ̀ǹpútà kan tí a jọ ń lò. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ ìyá pè wá pé ìyá ti re ibi àgbà ń rè. Ó ní ṣé a lè fi ohùn ìyá ránṣẹ́, kí ẹbí lè gbọ́ ọ níbi ìsìnkú. A ní kò sí wàhálà.

Wàhálà wà. Ohùn náà wà nínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà láàárín fáìlì tó lé ní 1,400, orúkọ tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sì sọ wọ́n kò ju nọ́ńbà lásán lọ. A mọ ẹni tó sun ẹkún náà. A mọ abúlé rẹ̀. A mọ̀ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, tí a sì dúró kí òjò dá kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí a mọ̀ wọ̀nyí tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Ìbéèrè méjì péré ló ń bi wá: kí lorúkọ fáìlì, inú fódà wo lẹ sì fi sí? Nígbà tí a fi máa rí ohùn ìyá, wọ́n ti sìnkú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀bi tiwa ni, a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi béèrè pé: ta ló pàṣẹ pé báyìí ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa tọ́jú nǹkan? Ṣé kò sẹ́ni tó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn rí ni? A wádìí, a sì rí i pé ó wà. Láti ọdún 1965 ni àwọn kan ti ń gbìyànjú rẹ̀.

Fáìlì, fódà àti dátábéèsì

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò kan tó jẹ́ ọ̀gá fún àwọn ètò yòókù. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń gba ohun tí a bá tẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú nǹkan sínú díìsìkì. Windows jẹ́ ọ̀kan, Linux jẹ́ ọ̀kan, Android inú fóònù náà jẹ́ ọ̀kan. Ètò adarí la ó máa pè é.

Ọ̀nà ìtọ́jú tí gbogbo wa mọ̀ ni fáìlì inú fódà, fódà inú fódà. Àwọn tó ń ṣe ètò adarí Multics, tí ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà wà lára wọn, ló la ọ̀nà yìí kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1965. Ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Nínú Unix, fáìlì kò ju báìtì tó tò tẹ̀léra lọ. Bóyá orin ni, bóyá lẹ́tà ni, bóyá ìwé owó oṣù ni, kò kan ètò adarí. Ètò tó bá ṣí fáìlì náà ni yóò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá ni, kí a má purọ́. Nítorí pé ètò adarí kì í béèrè ohun tó wà nínú ẹrù, ẹrù kankan kò ṣòro fún un láti gbé. Ìdí nìyí tí fáìlì kan fi lè ti orí kọ̀ǹpútà kan dé orí òmíràn láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n ohun tí ètò adarí kò béèrè, kò lè dáhùn rẹ̀ nígbà tí a bá padà wá.

Dátábéèsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá fẹ́ fi nǹkan sínú rẹ̀, a ó sọ àbùdá nǹkan náà: ta ló ni ín, ìgbà wo ni, irú kí ni. Ẹ̀rọ á ṣe atọ́ka fún àwọn àbùdá wọ̀nyí, ẹni tó bá ń wá nǹkan á sì lè gba ọ̀dọ̀ èyí tó bá rántí wọlé. Ẹni tó rántí orúkọ á gba ọ̀nà orúkọ, ẹni tó rántí ọjọ́ á gba ọ̀nà ọjọ́. Ọ̀nà kan kò wọjà.

Ẹ wo ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì. Nínú ìwé tí Ọlátúndé Ọlátúnjí gbé jáde ní 1984 lórí ewì alohùn Yorùbá, ó ya àwọn ewì tí à ń fi bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu dá mọ̀, bí ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí à ń fi àbùdá inú wọn dá mọ̀, bí oríkì, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀lé e: oríkì lè wà nínú ìjálá, ó lè wà nínú rárà. Ohùn ìyá wa yìí, ẹkún ìyàwó ni, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Inú fódà wo ni kí á fi sí? Bí a bá fi í sí fódà ẹkún ìyàwó, ẹni tó ń wá oríkì kò ní bá a pàdé. Bí a bá fi í sí ti oríkì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí a bá ṣe é ní ẹ̀dà méjì, ọjọ́ tí a bá ṣàtúnṣe ọ̀kan ni èkejì di irọ́. Fódà ń fipá mú wa yan ẹyọ kan níbi tí ìmọ̀ wa ti sọ pé méjèèjì ló tọ́.

Hẹlikópítà tí kò jagun

Ọdún 1965 kan náà ni àwọn mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Iléeṣẹ́ TRW ní Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ológun orílẹ̀-èdè náà. Hẹlikópítà ogun kan wà tí wọ́n ń pè ní Cheyenne, páàtì rẹ̀ sì pọ̀ lọ súà. Àwọn ológun fẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú páàtì lè bi kọ̀ǹpútà léèrè ohun tó kù àti ibi tó wà, láìjẹ́ pé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Don Nelson ló ronú ètò náà, Dick Pick ló sì ṣáájú nínú kíkọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà System/360 ti IBM. Wọ́n sọ ọ́ ní GIRLS, ìkékúrú orúkọ gígùn kan tó dá lórí wíwá ìmọ̀ rí.

Hẹlikópítà Cheyenne kò dé ojú ogun rárá. Ìjọba fagi lé e pátápátá ní 1972. Ètò tí wọ́n ṣe nítorí páàtì rẹ̀ ló yè. Ní 1973, iléeṣẹ́ Microdata sọ ọ́ di odidi ètò adarí tí wọ́n ń tà, orúkọ rẹ̀ sì ni Reality. Lẹ́yìn náà ni oríṣiríṣi iléeṣẹ́ gbé irú rẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn sì ń pe gbogbo wọn ní Pick.

Nínú Pick, ibi ìpamọ́ àti dátábéèsì kì í ṣe ohun méjì. Gbogbo nǹkan jẹ́ àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ, títí kan orúkọ àwọn tó láṣẹ láti lo ẹ̀rọ náà. Tí ẹ bá dárúkọ àkọsílẹ̀ kan, ẹ̀rọ á fi orúkọ yẹn ṣe ìṣirò, ìdáhùn ìṣirò náà ni yóò sì sọ ibi tí àkọsílẹ̀ wà nínú díìsìkì. Kò ní máa tú ilé kiri. Àkójọ kọ̀ọ̀kan tún ní atúmọ̀ tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan inú àkọsílẹ̀ dúró fún.

Ohun tó wú wa lórí jù ni pé ìlà kan ṣoṣo lè gba ìdáhùn púpọ̀. Ní 1970, E. F. Codd ti IBM gbé ìlànà dátábéèsì alátẹ jáde, èyí tó padà borí àwọn yòókù káàkiri ayé. Nínú ìlànà yẹn, ojú àtẹ kan gbọ́dọ̀ gba ìdáhùn ẹyọ kan, ìdáhùn tó bá ku ń lọ sínú àtẹ mìíràn. Pick kò ní ìṣòro yẹn. Oníbàárà tó ní nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, wọ́n á kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan, wọ́n á fi àmì pàtàkì là wọ́n láàárín. Ìyá wa ì bá ti rí ibi jókòó níbẹ̀: irú ewì, ẹkún ìyàwó àti oríkì.

Èdè tí àwọn tó ń lo Reality fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ńkọ́? ENGLISH ni wọ́n sọ ọ́. A rẹ́rìn-ín, a sì jowú díẹ̀.

Dátábéèsì tí àwọn onílé kò mọ̀ pé ó wà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978, IBM kéde ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe ní Rochester, ìpínlẹ̀ Minnesota. System/38 ni. Àwọn tó ṣe é, tí Frank Soltis jẹ́ àgbà láàárín wọn, fi dátábéèsì alátẹ sínú ètò adarí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀rọ yìí kò ní láti tún ra dátábéèsì lọ́tọ̀ kí ó wá so ó mọ́ ọn.

Wọ́n tún ṣe nǹkan mìíràn. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí System/38 kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì àti ohun tó wà nínú díìsìkì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ààyè kan gbọọrọ lójú rẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan sì ní irú tirẹ̀ tí ètò adarí mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè lo dátà bíi pé ètò ni. Èyí jìnnà sí báìtì lásán ti Unix.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1988, AS/400 rọ́pò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò rà á gan-an. Dátábéèsì inú rẹ̀ kò lórúkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kàn wà níbẹ̀, bí omi ṣe wà nínú àgbọn, títí IBM fi sọ ọ́ lórúkọ láàárín àwọn ọdún 1990. IBM i ni ètò adarí náà ń jẹ́ lónìí, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ètò adarí onídátábéèsì kò ṣeé ṣe, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi IBM i ṣòwò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1994, IBM fi ètò fódà àti fáìlì irú ti Unix kún OS/400, ètò adarí AS/400 yìí. Àwọn kọ̀ǹpútà yòókù láyé ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra wọn, ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́ èdè yẹn á dá wà. Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, a di ìkúùkù ni ọ̀rọ̀ wọn.

Ọbẹ̀ inú àpò

Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí à ń fi sápò náà gbìyànjú tiwọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, Apple gbé Newton MessagePad jáde. Kò sí fáìlì lójú ẹni tó ń lò ó. Àkọsílẹ̀ ni gbogbo nǹkan, àkójọ àkọsílẹ̀ kan sì ni wọ́n ń pè ní ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ọbẹ̀ tí à ń jẹ. Ọbẹ̀ orúkọ àwọn ènìyàn wà, ọbẹ̀ àkọsílẹ̀ ojúmọ́ náà wà. Ètò tó bá fẹ́ lè bu nínú ọbẹ̀ tí ètò mìíràn sè: orúkọ tí ẹ bá kọ síbì kan, ètò yòókù lè lò ó láìjẹ́ pé ẹ tún un kọ. Tí ẹ bá ki káàdì ìpamọ́ bọ̀ ọ́, ọbẹ̀ inú káàdì àti ọbẹ̀ inú ẹ̀rọ á hàn bí ẹyọ kan. Apple pa iṣẹ́ Newton tì ní oṣù Kejì ọdún 1998.

Pilot tí Palm gbé jáde ní 1996 kéré sí i, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Òun náà kò ní fáìlì bí a ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àkọsílẹ̀ inú dátábéèsì kéékèèké ló wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n ti ń tún wọn ṣe. Mẹ́mọ́rì Pilot 1000 kò ju kílóbáìtì 128 lọ, kò sí ààyè láti máa ṣe ẹ̀dà nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Níbí, àìní ló bí ọgbọ́n.

Fáìlì tó ń sọ ara rẹ̀

Nínú gbogbo wọn, BeOS la fẹ́ràn jù. Jean-Louis Gassée, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Apple, ló dá iléeṣẹ́ Be sílẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀ ní 1990. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ BeBox jáde ní 1995, fáìlì wà lápá kan, dátábéèsì tó ń ṣàpèjúwe fáìlì wà lápá kejì. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Fáìlì á yí padà, dátábéèsì kò ní gbọ́. Dátábéèsì á sọ pé nǹkan wà, ẹ ó débẹ̀, ẹ ò ní bá a.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, Dominic Giampaolo àti Cyril Meurillon bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú tuntun, wọ́n sọ ọ́ ní BFS. Wọn kò sọ fáìlì di dátábéèsì. Wọ́n jẹ́ kí fáìlì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí a lè so àbùdá tó bá wù wá mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi atọ́ka àwọn àbùdá náà sínú ètò ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Lẹ́tà í-méèlì kọ̀ọ̀kan di fáìlì kan: ẹni tó kọ ọ́, àkòrí rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé jẹ́ àbùdá rẹ̀. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan tí ẹ mọ̀ náà di fáìlì kan. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ pé kó kó gbogbo lẹ́tà tí ẹnìkan kọ láti oṣù tó kọjá wá. Tí lẹ́tà tuntun bá wọlé lẹ́yìn tí ẹ ti béèrè, ó ń fò sínú ìdáhùn fúnra rẹ̀, ẹ kò ní láti tún béèrè mọ́.

BFS ní òfin kan tó ká wa lára. Tí ẹ bá ṣe atọ́ka tuntun lónìí, kò ní mọ àwọn fáìlì tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá tún àbùdá náà kọ sára fáìlì náà ni atọ́ka tó máa rí i. Ohun tí a kò bá sọ nígbà tó yẹ, ẹ̀rọ kò ní bá wa rántí rẹ̀.

Ọjà kò gba Be. Ní ìparí 1996, Apple tó fẹ́ rà á tẹ́lẹ̀ lọ ra NeXT. Ní 2001, Palm ra ohun ìní Be ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó kú: ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tó wá di Haiku, tí ẹ̀dà ìdánwò tí wọ́n pè ní beta kìíní sì jáde ní 2018.

Èyí tí ọlọ́rọ̀ kò lè parí

Ẹnikẹ́ni lè ní owó ni kò tó Be. Owó tó Microsoft. Ní 1991, wọ́n kéde ètò kan tó ń jẹ́ Cairo, tí ìtọ́jú nǹkan nípa àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlérí rẹ̀. Cairo kò jáde gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ díẹ̀ ló bọ́ sínú Windows tó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, wọ́n tún gbé ìlérí náà dìde ní ìpàdé wọn ní Los Angeles. Lọ́tẹ̀ yìí, WinFS lorúkọ rẹ̀. Yóò gùn lé NTFS, yóò sì lo ọgbọ́n inú SQL Server, dátábéèsì tí Microsoft ti ń tà tẹ́lẹ̀. Ènìyàn, lẹ́tà, àwòrán, ìpàdé, gbogbo wọn ni yóò ní àpèjúwe kan tí gbogbo ètò á jọ máa lò.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, Microsoft ní WinFS kò ní bá Windows tuntun tí wọ́n ń ṣe jáde. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀dà ìdánwò jáde. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, wọ́n ní kò ní dá jáde mọ́ rárá, pé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ á lọ sínú SQL Server àti àwọn irinṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí Windows Vista dé ọjà ní oṣù Kìíní ọdún 2007, fáìlì inú fódà ló ṣì gbé dání. Ní 2013, nígbà tí àwọn ènìyàn ń bi Bill Gates ní ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan bi í pé ọjà Microsoft wo ni ì bá wù ú kó jáde tí kò jáde. Irú ìpamọ́ yìí ló dárúkọ, ó ní ó ṣáájú àkókò rẹ̀.

Kí ló dí wọn lọ́wọ́?

Lójú tiwa, ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Èkínní, àpèjúwe ń wúwo. Gbogbo atọ́ka tí a bá ṣe, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe nígbàkigbà tí nǹkan bá yí padà. Lórí díìsìkì ayé ìgbà náà, èyí kì í ṣe kékeré.

Èkejì, nǹkan kì í dúró sójú kan. Fáìlì BeOS tí àbùdá kún ara rẹ̀, tí ẹ bá dà á sórí díìsìkì tí kọ̀ǹpútà mìíràn ń lò, báìtì rẹ̀ nìkan ló ń dé ibẹ̀. Àbùdá ti já bọ́ lọ́nà. Ó dà bí ẹni tó ṣí lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ oríkì rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ rìn jìnnà gbọ́dọ̀ fúyẹ́, fáìlì Unix sì fúyẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ta ni yóò sọ ohun tí àbùdá ń jẹ́? Kí WinFS tó lè ṣiṣẹ́, gbogbo àwọn tó ń kọ ètò gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ohun tí ènìyàn jẹ́, lórí ohun tí lẹ́tà jẹ́. Àwa tí a ti jókòó nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń jiyàn wákàtí méjì lórí bóyá nǹkan kan jẹ́ ewì tàbí orin, a mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń parí. Pick àti AS/400 bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé iléeṣẹ́ kan ló ń lò ó fún òwò tirẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ ló ń pinnu ohun tí oníbàárà jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí

Èrò náà kò kú, ó kàn pa aṣọ dà ni. Giampaolo lọ sí Apple ní 2002, ó sì wà lára àwọn tó ṣe Spotlight, tó bá Mac OS X Tiger jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2005. Fáìlì dúró síbi tó wà, atọ́ka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú lásán, ó jọ ohun tó kọ́kọ́ da Be láàmú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ètò adarí fúnra rẹ̀ ló ń ta atọ́ka lólobó tí fáìlì bá yí padà.

Nínú fóònù wa ńkọ́? Ní ọdún 2000, D. Richard Hipp ṣe SQLite nígbà tó ń bá àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́. Odidi dátábéèsì ni, inú fáìlì ẹyọ kan ló sì ń gbé. Gbogbo Android ló ní in. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí, bí Android ni ẹ ń lò, inú irú dátábéèsì bẹ́ẹ̀ ló wà. Àwọn tí a sọ ìtàn wọn fẹ́ fi fáìlì sínú dátábéèsì. Ayé gbà kí dátábéèsì wọ inú fáìlì. Ohun tó sọnù níbẹ̀ ni àjọjẹ: ètò kọ̀ọ̀kan ń se ọbẹ̀ tirẹ̀, ó sì ń ti ìdérí rẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń bá ìjà náà lọ. Michael Stonebraker, tó gba ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2014 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí dátábéèsì, ti kọ àpilẹ̀kọ ní 1981 pé iṣẹ́ tí ètò adarí ń ṣe kò bá ti dátábéèsì mu. Ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, òun àti Matei Zaharia pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní MIT àti Stanford bẹ̀rẹ̀ DBOS, ètò adarí tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí dátábéèsì fún àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Àwa náà ti ṣe tiwa. A ṣí àtẹ kan fún àwọn ohùn tó wà lọ́wọ́ wa. Ojú mẹ́fà ló ní: ẹni tó ni ohùn, ibi tó ti wá, ọjọ́ tí a gbà á, bó ṣe ń jáde lẹ́nu, àbùdá inú rẹ̀, àti ẹni tó láṣẹ láti gbọ́ ọ. Ojú karùn-ún lè gba ju ìdáhùn kan lọ, gẹ́gẹ́ bíi ti Pick. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ń jókòó, a ń gbọ́ fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń kọ ohun tí a bá mọ̀. Orúkọ ìyá ló wà ní ìlà àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ sì ti gba ohùn náà, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n ohùn 37 ti wà níbẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè sọ ẹni tó ni ín. Wọ́n ń kéwì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnìkan nínú wọn tilẹ̀ ń pe ọ̀kan nínú wa ní ọmọ òun. Ẹ̀yin tó bá wa rin ìrìn-àjò yẹn, àti ẹ̀yin àgbà tó ti gba ohùn sílẹ̀ ní agbègbè náà ṣáájú wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́bọ̀ kan kí ẹ wá gbọ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ ohùn kan. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.